Erùpẹ̀ Inú Agolo Mílíìkì

Bàbá ní ilẹ̀ Àpọ́nmú ti kú.
Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye tí wọ́n ń ta iṣu:
ọdún méje tá a ti ń fín oògùn apakoríko sí i,
kòkó ń dú lórí igi kó tó pọ́n,
olówó kan láti Àkúrẹ́ sì ti wọn ààlà rẹ̀,
ó fẹ́ kọ́ ilé epo síbẹ̀.

N kò jiyàn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀,
mo bu ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ kan sínú agolo mílíìkì,
mo bu òmíràn lábẹ́ igi kòkó àgbà
tí ìyá bàbá mi gbìn, tí oògùn kò dé,
níbi tí ewé ti ń jẹrà lórí ewé.
Ọyẹ́ ni. Erùpẹ̀ gbẹ bíi gààrí Ìjẹ̀bú.
Mo wọ ọkọ̀ Àkúrẹ́, agolo méjì lórí itan mi;
obìnrin tó jókòó tì mí bi mí ṣé ìgbín ni mo rà.

Ní yàrá àyẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ wa, lọ́nà Ìjọ̀kà,
maikirosikóòpù kan ṣoṣo ló wà, dígí rẹ̀ ti sán,
Ọ̀gbẹ́ni Akíntẹ́lúrẹ ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́.
Mo da omi òjò tí mo fi pamọ́ láti oṣù Ọ̀wàrà
lé erùpẹ̀ lórí.
Ọjọ́ kìíní, ẹrẹ̀ lásán.
Ọjọ́ kejì, iná lọ.
Ọjọ́ kẹta, mo kán omi sórí gíláàsì,
mo di ojú òsì

Ẹ̀!

Ta ní ń sáré yìí?
Ọ̀kan rí bí ọmọ kajú, ó ń yí bírí bírí.
Ọ̀kan rí bí àtẹ́lẹ̀ bàtà, ó forí gbá ìdọ̀tí, ó fẹ̀yìn rìn,
ó tún gba ibòmíràn lọ.
Ọ̀kan bí agogo lórí okùn tín-ín-rín:
mo fọwọ́ kan tábìlì, okùn ká jọ wìì,
ó tún rọra nà jáde bí ojú ìgbín.
Kò sẹ́sẹ̀, kò sí lẹbẹ.
Irun ni gbogbo ara wọn, bí irun ìpéǹpéjú,
ẹgbẹ̀rún ìpéǹpéjú ń wa ọkọ̀ kan ṣoṣo.
Kékeré labẹ́rẹ́, à ń wí;
abẹ́rẹ́ mà tóbi lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí,
ẹnu rẹ̀ ni pápá ìṣeré wọn.

Ilẹ̀ Ògẹ́rẹ́, a-fọkọ́-yẹrí,
mo ti ń gbọ́ oríkì rẹ láti kékeré,
n kò mọ̀ pé irun tí ò ń ya nìyí.

Wọ́n ti ń sùn ni, Akíntẹ́lúrẹ ló ṣàlàyé.
Bí ọ̀dá bá dé, oníkálukú a ká jọ sínú èèpo líle,
a tilẹ̀kùn, kò jẹ, kò mu,
ó lè tó ogún ọdún kómi tó kàn án lára.
Bí wọ́n bá wá jí, ebi ni:
kòkòrò tó kéré jù wọ́n lọ ni oúnjẹ wọn,
ohun tí wọ́n bá sì tọ̀ dànù ni gbòǹgbò kòkó ń mu.

Mo kà wọ́n. Agolo igi àgbà: oríṣi mọ́kàndínlógún.
Agolo oko oògùn: mẹ́ta,
ọ̀kan nínú mẹ́ta ń rìn bí ẹni tó mutí yó.
Mo bu omi odò Àlà náà, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì:
oríṣi kan péré, ó pọ̀ bí ìyàngbò,
ó sanra nínú ìdọ̀tí wa.
Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju òfìfo lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, bàbá wá. Ó ṣí fìlà, ó di ojú kan.
Ó pẹ́ níbẹ̀.
"Ilẹ̀ yẹn ò kú," mo ní. "Ó ku mẹ́ta."
Kò dáhùn. Ó ní kí n gbé agolo kejì wá,
ó bi mí bóyá wọ́n ń gbéyàwó.
Mo ní wọ́n kàn ń pín ara wọn sí méjì ni,
kò sí bàbá, kò sí ọmọ, kò sí ogún pínpín.
Ó rẹ́rìn-ín: "Ìyẹn dáa.
Kò ní sí ẹni tí yóò ta ilẹ̀."

Lẹ́yìn náà ó dákẹ́,
ìka rẹ̀ tó ní àpá àdá ń nu etí agolo.
Olówó Àkúrẹ́ ń pè é.
Fóònù ń gbọ̀n nínú àpò rẹ̀, ó ń gbọ̀n,
kò tíì gbé e.